Gálọ́ọ̀nù Epo Àfísù

Ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ọ̀mù-Àrán ra lọ́rì. Awakọ̀ méjì ló ń du lọ́rì náà, Rájí àti Àfísù.

Àfísù ló wa ọkọ̀ tí ọmọ mi Bọ́lánlé kú sí. Ó sọ fún ọlọ́pàá pé bíréèkì ló já. Rúùtù, tó jókòó ti Bọ́lánlé lọ́jọ́ náà, ní òun gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì dákẹ́ lórí òkè kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, pé Àfísù ló pa ẹ́ńjìnnì kó má baà jó epo, bẹ́ẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, bíréèkì kì í fi bẹ́ẹ̀ mú. Wọ́n bi í pé kí ni obìnrin mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Ní tèmi, mo fẹ́ kí Àfísù má wa ọkọ̀ mọ́ láyé rẹ̀.

Lawrence, alága wa, ní awakọ̀ tí kò bá fi epo ṣòfò la ó fún ní lọ́rì. Èmi ni mo dá ìdánwò lábàá: gálọ́ọ̀nù kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ká wo ibi tí yóò gbé e dé. A so agolo epo mọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé níbi tí gbogbo ojú ti rí i, a sì fi páìpù fà á wọ ẹ́ńjìnnì. Ti Rájí tán kó tó dé ìlú Òkè-Onígbìn.

Ó kan Àfísù. Mo jókòó tì í níwájú. Lawrence, Rúùtù, Rájí àti àwọn yòókù wà lẹ́yìn lórí àpò àgbàdo.

"Ẹ kú ìrọ́jú, bàbá," Àfísù wí. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọkọ̀ tó bá wà lọ́wọ́ mi kì í mu epo, òórùn rẹ̀ ló ń gbọ́."

"Rájí ńkọ́?"

"Rájí? Ẹni tó ń bọ́ ẹ́ńjìnnì bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé."

Nígbà tí a dé orí òkè tó ṣáájú Òkè-Onígbìn, ó dẹ ẹsẹ̀, ó wojú mi.

"Bàbá, ṣé kò séwu?"

"Ṣe bí o ti máa ń ṣe."

Ó fi jíà sí fírì kí ọkọ̀ máa yí fúnra rẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Afẹ́fẹ́ nìkan ló kù, àti ariwo táyà lórí òkúta wẹ́wẹ́. Ohun tí Bọ́lánlé gbọ́ gbẹ̀yìn nìyẹn. Rúùtù ń fọwọ́ gbá pákó lẹ́yìn, ó ń pè mí. Èmi ni mo kó gbogbo wọn wá síbẹ̀, mo sì mọ ohun tí mo ń ṣe.

Bíréèkì mú nísàlẹ̀, Àfísù tún tan ẹ́ńjìnnì. Epo gbé e kọjá Òkè-Onígbìn dáadáa. Ó bọ́ sílẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Alága, ẹ kí mi."

Lawrence kò kí i. "Àfísù, kí lo ṣe lórí òkè yẹn?"

"Ọgbọ́n awakọ̀ ni, sà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é."

"Láti ìgbà wo?" Èmi ni mo bi í.

Rúùtù ti sọ̀ kalẹ̀, ó dúró níwájú Àfísù.

"Bó ṣe dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn," ló wí.

Àfísù dọ̀bálẹ̀ sínú eruku. "Bàbá, mo láwọn ọmọ tí mò ń bọ́. N kò mọ iṣẹ́ mìíràn."

"Mo mọ̀," mo wí. "Ìdí nìyẹn tí mo fi wá."

Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fún Rájí. Kò pẹ́ tí gbogbo ọlọ́kọ̀ láti Ọ̀mù-Àrán dé Ganmo fi gbọ́ ohun tí Àfísù ṣe, nítorí mo ń lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹnì kan sọ fún mi pé Àfísù ti rí ọkọ̀ kan gbà ní ìlú Share. Mo dé fìlà mi, mo sì wọ mọ́tò tó ń lọ sí Share.