Màlúù Méjì Lẹ́yìn Àgọ́ Ọlọ́pàá

Masilamani kò ka ara rẹ̀ sí olè rí. Iyanrìn odò Palar, ní ilẹ̀ Íńdíà, ni bàbá rẹ̀ fi kọ́lé, òun náà sì ń fi kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà kó o fún ẹni tó bá ń mọlé. Ìjọba ti fòfin de kíkó iyanrìn odò, ó mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọlọ́pàá yọ sí i létídò, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ gba inú oko ìrèké, ó fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ àti akọ màlúù rẹ̀ méjèèjì, Vellai àti Karuppan.

Ilé àbúrò rẹ̀ obìnrin ló fara pamọ́ sí. Lọ́yà Vennila, ọmọ abúlé wọn, kìlọ̀ fún un lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti lọ tọrọ béèlì yín lọ́wọ́ adájọ́ kí wọ́n tó mú yín. Tó bá gbà, wọn ò ní lè tì yín mọ́lé. Àmọ́ ẹ má yọjú síta o!"

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀, Pachaiammal, gbé agbọ̀n koríko wọlé láti àgọ́ ọlọ́pàá, níbi tó ti lọ bọ́ àwọn màlúù.

"Ìdí dóńgóyárò lẹ́yìn àgọ́ ni wọ́n so wọ́n mọ́. Vellai ò jẹun. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ojú ọ̀nà ló ń wò."

"Karuppan ńkọ́?"

"Ìyẹn? Ó jẹ tiẹ̀ tán, ó tún ń wo ṣòkòtò ọlọ́pàá."

Masilamani rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Òun sá, àwọn tó fi sílẹ̀ kò rí ibi sá sí. Ó dìde, ó ń wá bàtà.

"Bàbá Thenmozhi, ẹ jókòó! Ẹ sá fún wọn lánàá, ẹ wá fẹ́ fẹsẹ̀ ara yín rìn lọ bá wọn? Tí wọ́n bá tì yín mọ́lé, ta ló máa bọ́ àwa?"

Ó jókòó. Òun náà kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kẹta ni Vennila pè.

"Adájọ́ ti gbà! Àmọ́ ẹ ò gbọdọ̀ kó iyanrìn mọ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa lọ fọwọ́ síwèé ní àgọ́ láràárọ̀. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n."

"Àgọ́ yẹn gan-an? Láràárọ̀? Ta ló ń bínú!"

Ilẹ̀ ọjọ́ kẹrin mọ́, ó gbé agbọ̀n koríko rù, ó dé ẹnu ọ̀nà àgọ́.

"Eléré-ìje ti dé o!" ni ọlọ́pàá kan fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Masilamani fọwọ́ síwèé, ó bọ́ sẹ́yìn ilé. Vellai gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, ó sì yí orí kúrò.

"Má bínú," ló ń sọ fún un, ó ń họ ọ́ lọ́rùn. "Ẹ̀rù ló bà mí."

Ó pẹ́ kí màlúù náà tó la ẹnu. Bó ṣe wá ń jẹ, ọlọ́pàá náà tọ̀ wọ́n wá.

"Ẹ ṣì máa rojọ́ o, bàbá. A ò tíì ní tú wọn sílẹ̀."

"Mo mọ̀," ni Masilamani dáhùn. "Omi wọn dà?"