Ìwé Ìròyìn Bàbá Bádéjọ

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹta, Muminat di máíkì mú nínú yàrá ìjẹun ilé arúgbó kan ní Skokie, lẹ́bàá Chicago, ó sì tú àṣírí Bàbá Bádéjọ láìdárúkọ rẹ̀.

Owú ló fà á. Àwọn kan á ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, àwọn kan á ní ẹnu ló yọ̀ ọ́. Owú ni.

Kí òṣìṣẹ́ tuntun kan, Marvin, tó dé, Muminat ló ń pa gbogbo ilé náà lẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń wẹ àwọn arúgbó, tó ń wọṣọ fún wọn, tó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ kí wọ́n lè jẹun. Bàbá Bádéjọ nìkan ni Yorùbá láàárín wọn. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe ọ̀gá ilé ìwé ní Ìkìrun kí ọmọ rẹ̀ tó mú un wá sí Chicago. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Muminat wẹ̀ ẹ́, bàbá náà bi í léèrè oríkì rẹ̀. Ó ní Àdùfẹ́. Láti ọjọ́ náà kò pè é ní Muminat mọ́. Ìyá Muminat ti kú, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń pe orúkọ yẹn.

Àṣírí kan wà láàárín àwọn méjèèjì. Àrùn rọpárọsẹ̀ tó kọlu Bàbá ní ọdún méjì sẹ́yìn ti gba ìwé kíkà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà ti di èèrà lójú rẹ̀. Kò sọ fún ọmọ rẹ̀ pàápàá. Láràárọ̀, bí Muminat bá ń fi ìpara pa á lẹ́sẹ̀, á máa ka ìròyìn fún un. Lẹ́yìn náà á ṣẹ́ ìwé ìròyìn náà sí ojú ewé tí kò ní àwòrán, nítorí Bàbá ní ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń wo àwòrán, á sì fi í sí i lọ́wọ́ kí orí rẹ̀ wà lókè. Bàbá á gbé e lọ sí yàrá ìjẹun, á máa bá àwọn òyìnbó jiyàn lórí ìjọba.

Ìgbà náà ni Marvin dé, ará Philippines. Ní Manila, ilé ọtí ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àwàdà, ó ń wọ wíìgì obìnrin, ó ń kọrin fún àwọn ọ̀mùtí, títí tẹlifíṣọ̀n fi rí i. Lẹ́yìn náà ó di oníròyìn àwọn òṣèré: ta ló ń fẹ́ ta, ta ló kọ ta. Ogún ọdún ló fi ṣe é, àwọn gbajúmọ̀ a máa sá fún ẹnu rẹ̀. Nígbà tí ètò rẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀, ó tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì wá sí Chicago, ó wá ń gbé oúnjẹ fún arúgbó.

Ẹnu náà kò dákẹ́. Eden, ọ̀gá wọn, gbà á láàyè kí ó máa ka ìròyìn àwọn ìràwọ̀ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Àwọn arúgbó yẹn ni ìràwọ̀. Kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

"Arẹwà kan wà ní òkè kejì," á ní, "tó sọ eyín rẹ̀ nù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí. Yàrá ọkùnrin kan ni wọ́n ti rí ọ̀kan. A ò bèèrè."

Ilé á hó. Ìyá arúgbó kan á nàwọ́ sókè pé òun ni. Blind item, ìròyìn tí kò dárúkọ ẹni tó ni ín, ni Marvin ń pè é. Muminat ní kí ló jẹ́ tuntun nínú ìyẹn, àṣamọ̀ lásán ni.

Marvin a máa pe Muminat ní Ate, tó túmọ̀ sí ẹ̀gbọ́n lédè wọn.

"Èmi kì í ṣe àtẹ," Muminat á ní. "Má to iyọ̀ rẹ lé mi lórí."

Gbogbo ìyẹn ṣì kéré. Ọjọ́ tó dùn ún jù ni ọjọ́ tí Marvin sọ ti ọkùnrin kan tó ní fìlà mẹ́ta, tí àwọn fìlà náà ń jà lórí èwo ni yóò jáde. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó fi kí gbogbo ilé. Ọdún méjì ni Muminat ti ń wá irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, bó ṣe ń gé èékánná Bàbá, ó gbọ́ tí bàbá náà ní, "Àdùfẹ́, ọmọ Marvin yẹn gbọ́n o. Odidi wákàtí kan ló fi jókòó tì mí lánàá."

"Kí ló wá ṣe, sà?"

"Ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni."

Muminat gé èékánná náà wọ ẹran. Bàbá fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

Àdùfẹ́, ẹni tí àwọn ènìyàn ń dù. Òun ló wá ń du bàbá oníbàbá.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Marvin gba ààyè láti sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Eden bèèrè ẹni tí yóò di máíkì mú. Ọwọ́ Muminat ti wà lókè.

"Ṣé o lè ṣe é?"

"Ta ló ń ṣe é kí ó tó dé?"

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà, láti ilé rẹ̀ ní Rogers Park ló ti ń ka àwàdà rẹ̀ sábẹ́ ètè nínú train. Nígbà tó dé ibi iṣẹ́, iwájú dígí ló lọ dúró sí. Ó bẹ Yéwándé, tí wọ́n jọ wà ní shift, pé kí ó bá òun wẹ Bàbá. Yéwándé wẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ó ṣẹ́ ìwé ìròyìn sí ojú ewé tí kò ní àwòrán, bí Bàbá ṣe ní kí ó ṣe, ó sì sọ ọ́ lé e lórí itan. Kò mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ fi orí ìwé náà sí òkè fún un.

Àwàdà mẹ́ta àkọ́kọ́ kú mọ́ Muminat lẹ́nu. Ṣíbí nìkan ló ń dún. Bàbá ń wo ìwé ìròyìn rẹ̀, kò gbójú sókè. Muminat wá ohun tó sún mọ́ ọn jù, ó sì rí i.

"Tíṣà kan wà nílé yìí," ó ní. "Ó ń ka ìwé ìròyìn ju ẹni tó kọ ọ́ lọ. Lọ́jọ́ kan ó dúró lórí ojú ewé kan fún wákàtí kan, ó ń mi orí, ó ń bú ìjọba. Mo yọjú wò ó. Ìwé náà dorí kodò."

Ilé hó ju bó ṣe ń hó fún Marvin lọ. Ó ṣẹlẹ̀ rí lóòótọ́, lẹ́ẹ̀kan péré, Muminat nìkan ló rí i, òun ló sì yí i padà. Tíṣà mẹ́rin ló wà nílé yẹn. Ta ni yóò mọ̀? Ó ń retí kí Bàbá ṣí fìlà.

Ìyá tó jókòó ti Bàbá na ọrùn wo ọwọ́ rẹ̀.

"Oh, Mr. Bádéjọ," ó ní.

Gbogbo ojú yí sí i. Orí ìwé ìròyìn náà wà nísàlẹ̀. Àwọn kan ṣì ń rẹ́rìn-ín. Bàbá ká a sí mẹ́rin, ó tì í sábẹ́ àwo, ó sì ní kí wọ́n mú òun padà sí yàrá.

Lọ́jọ́ kejì, Marvin bá Muminat níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ.

"Ate, ṣé ẹ bi í?"

"Bi ta ni?"

"Bàbá. Kí ẹ tó sọ ọ́. Èmi máa ń lọ bá ẹni náà ní yàrá rẹ̀, màá sọ ọ́ fún un tán pátá. Bó bá ní kí n yọ ọ̀rọ̀ kan, màá yọ ọ́. Ti fìlà yẹn, òun ló ní kí n pè é ní mẹ́ta. Méjì péré ló ní."

Muminat ń wo bàtà rẹ̀.

"Ní Manila, èmi kì í bi ẹnikẹ́ni," Marvin ní. "Mo sọ ti ọ̀rẹ́ mi kan lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an lọ́jọ́ náà. Ọ̀rẹ́ mi kú láìbá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

Muminat lọ kúnlẹ̀ ní yàrá Bàbá. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ má bínú sí mi."

Bàbá ń wo fèrèsé. Muminat mú ìwé ìròyìn ọjọ́ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Kò tíì ka ìlà kejì tí Bàbá fi gbé ọwọ́ sókè.

"Leave it on the table," ó ní. "Thank you, nurse."

Ó ṣì ń wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀. Bàbá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ìròyìn ń ga lórí tábìlì. Kò sí ẹnikẹ́ni ní gbogbo Amẹ́ríkà tó ń pe Muminat ní Àdùfẹ́ mọ́.