Àká Mọ́kànlélógójì Tí A Ò Rí Inú Wọn

Igba àká ó lé méjìlá, gbogbo wọn ló yege. Bàbá Ṣókí wò wọ́n lójú ẹ̀rọ, inú rẹ̀ ò dùn.

Wọ́n ń pè é ní Ṣókí nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í kún ṣíbí. Ọmọbìnrin àbúrò rẹ̀ ló ni ilé-iṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, Ọ̀gá ni gbogbo wọn sì ń pè é. Láràárọ̀ ni yóò kúnlẹ̀ kí i lẹ́nu ọ̀nà. Tó bá dìde tán, yóò pàṣẹ fún un.

Ilé ìwòsàn kan kó fáìlì àwọn aláìsàn sí orí kíláòdù, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà àyálò tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò fojú kàn rí. Àká ni wọ́n ń pe ibi tí fáìlì ń gbé níbẹ̀. Kóòdù Bàbá Ṣókí ló ń yẹ àká wọ̀nyí wò lójoojúmọ́, bóyá wọ́n tì dáadáa. Yóò wá kọ ìdáhùn sílẹ̀: ó yege, tàbí kò yege. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ náà ni alábẹ̀wò ilé ìwòsàn ń bọ̀ wá kà á. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, wọn ò sì ní òmíràn.

Ohun tó ń dun bàbá ni pé mọ́kànlélógójì nínú àká náà yege kí ojú tó ṣẹ́. Ó ṣí kóòdù. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó bú ẹni tó kọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn.

Àṣìṣe ni kóòdù náà ń kà. Bí àṣìṣe bá jẹ́ òdo, àká yege. Èyí tí kóòdù kò rọ́nà wọ̀, kò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Òdo. Ó yege.

Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án, Ọ̀gá sáré wọlé.

“Dádì, kí ló sọ ojú ẹ̀rọ di àwọ̀ eérú?”

“Mo fi ìdáhùn kẹta kún un.”

“Èwo ni ìdáhùn kẹta?”

“A ò rí i.”

“A ò rí kí ni?”

“Inú wọn. Kóòdù kanlẹ̀kùn, wọn ò dá a lóhùn, ó ní ilé mọ́, ó bá tirẹ̀ lọ.”

“Láti ìgbà wo?”

“Ọdún mẹ́rin.”

Ó káwọ́ lérí. “Ẹ dá a padà, ẹ jọ̀ọ́. Tí obìnrin alábẹ̀wò yẹn bá lọ tán, ẹ kùn ún ní àwọ̀ tó bá wù yín.”

“Rárá.”

“Èmi ni ọ̀gá níbí o!”

“Mo mọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá.”

“Èèyàn mẹ́jọ ló ń jẹun níbí, Dádì. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀.”

“Èmi kì í jẹun púpọ̀.”

Ọ̀gá ì bá dá a padà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè ka kóòdù bàbá náà. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ṣe kọ ọ́.

Alábẹ̀wò dé, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í gba omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

“Kí ni eérú yìí?”

“Ìyẹn, mà, ó jẹ́ ìpele kan láàrin…” Ọ̀gá ní.

“A ò rí inú wọn,” Bàbá Ṣókí ní.

“Kí ló dé?”

“A ò ní kọ́kọ́rọ́.”

“Ta ló yẹ kó fún yín?”

“Ẹ̀yin, mà.”

Obìnrin náà gbé fóònù, ó sì sọ̀rọ̀ burúkú sí ẹnì kan fún ìgbà pípẹ́. Kọ́kọ́rọ́ dé kó tó sọ̀rọ̀ tán. Kóòdù tún yẹ wọ́n wò. Méjìdínlógójì yege. Mẹ́ta pọ́n bí ẹ̀jẹ̀: ẹnikẹ́ni láyé lè ka fáìlì inú wọn.

Ilé ìwòsàn ló ṣí wọn sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ yìí ló fi ọdún mẹ́rin sọ pé wọ́n tì. Ẹnikẹ́ni ò lè pariwo mọ́ ẹnì kejì.

Wọ́n tì wọ́n kó tó di ọ̀sán. Alábẹ̀wò ní iṣẹ́ ń bá a lọ, ṣùgbọ́n dípò ọdọọdún, oṣooṣù lòun yóò máa wá. Ó jáde.

“Oṣooṣù, Dádì!”

“Mo gbọ́.”

“Ṣé nǹkan mìíràn wà tó yẹ kí n mọ̀?”

Bàbá Ṣókí yíjú sí ẹ̀rọ rẹ̀.

“Kóòdù márùn-ún ni mo kọ lọ́dún yẹn,” ó ní. “Ọ̀kan la ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ wò.”