Abà Tí Wọ́n Ní Kò Sí

Ọdún kẹrin rèé tí Nàfísàt ti ń bá Ọ̀gá Japheth ya máàpù ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Èrúwà, kò sì tíì bá ọ̀gá náà jiyàn rí. Iṣẹ́ tó dé lọ́jọ́ Ajé yẹn ló da gbogbo rẹ̀ rú.

Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ fi katakata gbin pákí sí ẹ̀yìn Ìgangan. Wọ́n ní kí Ọ̀gá Japheth ya máàpù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn yóò fi han àwọn ìjòyè kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀. Nàfísàt ṣí i lórí kọ̀ǹpútà. Bí ẹni ń tẹ́ ẹní léra ni wọ́n ṣe ń to irú máàpù bẹ́ẹ̀: àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti ojú ọ̀run yóò wà nísàlẹ̀, ojú ọ̀nà yóò gorí rẹ̀, orúkọ yóò wà lókè pátápátá kí ohunkóhun má baà bò ó. Ṣùgbọ́n níbi tí ilé-iṣẹ́ náà ń fẹ́, ẹnì kan ti fi àwọ̀ ewé bo àwòrán náà pátá, ó wá kọ ọ́ lé e lórí pé: "Igbó. Kò séèyàn."

Nàfísàt ká àwọ̀ náà kúrò. Òrùlé páànù yọ lábẹ́ rẹ̀. Ó kà á, ó jẹ́ mọ́kànlélógójì.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wò ó. Àwọn èèyàn ń gbé ibí."

Ọ̀gá Japheth kò gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀. "Ṣé orúkọ abà náà wà lórí máàpù?"

"Kò sí níbẹ̀, sà."

"Ohun tí kò lórúkọ kò sí nìyẹn. Dá àwọ̀ náà padà."

Nàfísàt dá a padà. Kò ní ìbátan kankan ní ẹ̀yìn Ìgangan; ọmọ Igbó-Ọrà ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà gún un lára bí ẹ̀gún: ohun tí kò lórúkọ kò sí.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó gbàyè, ó gun ọ̀kadà débẹ̀. Ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Hàkímù ló kọ́kọ́ rí, tó jókòó ti òkìtì pákí, tó ń bó o.

"Ìwọ náà wá wọn ilẹ̀ wa?" Ìyá náà kò sọ ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Rárá, Mà. Orúkọ ni mo wá gbà." Nàfísàt bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àwòrán àwọn òrùlé náà hàn án nínú fóònù rẹ̀.

Ìyá náà wò ó títí. "Òrùlé mi rèé? Èyí tó ti dípẹtà yìí?" Ó dìde, ó nu ọwọ́ sí ìró. "Máa bọ̀."

Ilé dé ilé ni wọ́n rìn. Abà Olókùúta lorúkọ ibẹ̀. Nàfísàt kọ odò, ó kọ mọ́sáláṣí, ó kọ kànga. Nígbà tí wọ́n dé ibi òkúta funfun kan lẹ́yìn ilé, Màmá Hàkímù dúró.

"Kọ ibojì ọkọ mi náà sí i. Sàláúdéènì lorúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbin pákí lé e lórí, kó kọ́kọ́ ka orúkọ rẹ̀."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, gbọ̀ngàn ìpàdé kún ní Ìgangan. Nàfísàt ló jókòó ti kọ̀ǹpútà, torí pé Ọ̀gá Japheth fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n lò dáadáa. Babáwálé, agbẹnusọ ilé-iṣẹ́ náà, ń nàka sí àwọ̀ ewé tó tàn sára ògiri.

"Ilẹ̀ òfìfo nìyí, ẹ̀yin bàbá wa. A ò ní lé ẹnikẹ́ni kúrò, torí kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀."

Nàfísàt ká àwọ̀ náà dànù. Òrùlé mọ́kànlélógójì yọ sára ògiri. Ó gbé àwọn orúkọ tó gbà lábà gorí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dórí ibojì Sàláúdéènì.

"Nàfísàt!" Ọ̀gá Japheth ti dìde. "Dá a padà!"

"Mi ò dá a padà, sà." Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. "Bí ẹ bá fẹ́, ẹ pa kọ̀ǹpútà. Wọ́n ṣáà ti rí i."

Babáwálé ní àwòrán àtijọ́ ni, pé abà náà ti tú tipẹ́. Ibẹ̀ ni Màmá Hàkímù, tí Nàfísàt ti sọ ọjọ́ ìpàdé fún, ti dìde láàárín àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn.

"Èmi ni igbó tí ẹ ní kò séèyàn nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ilẹ̀, ẹ yíjú sí mi, kí ẹ bi mí."

Kò sí ìjòyè tó fọwọ́ síwèé lọ́jọ́ náà. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn ń padà bọ̀, kò sì sẹ́ni tó rò pé irọ́ ni wọ́n pa. Ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ni Ọ̀gá Japheth ti gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ Nàfísàt.

Ó délé, ó sunkún díẹ̀, ó sì lọ kọ Abà Olókùúta sórí máàpù ọ̀fẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí. Lọ́jọ́ kẹta, ẹnì kan pa á rẹ́. Ó tún un kọ. Wọ́n tún pa á rẹ́. Ó tún un kọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù rẹ̀ dún. Ohùn ọkùnrin tí kò mọ̀ rí ni.

"Wọ́n ní ìwọ lò ń kọ orúkọ abà. Tiwa ńkọ́?"

"Níbo lẹ wà, sà?" Nàfísàt bèèrè, bó ti ń na ọwọ́ mú híjáàbù rẹ̀.