Abọ́ Ìtọ́wò

Dókítà eegun kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní orúnkún ọ̀tún ìyá tó jókòó níwájú òun ti gbó tán, òun yóò sì bá a pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi kílò márùn-ún sílẹ̀ lára kí iṣẹ́ abẹ náà má baà wu ọkàn rẹ̀ léwu. Oṣù mẹ́ta ló fún un. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá, àyè rẹ̀ yóò bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, yóò sì padà sí ìsàlẹ̀ ìwé orúkọ, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń dúró fún ọdún kan àtààbọ̀.

Olórí alásè ni ìyá náà ní ilé-iṣẹ́ ọṣẹ. Ọ̀ọ́dúnrún òṣìṣẹ́ ló ń bọ́ lójúmọ́. Ìyá Oníṣíbí ni wọ́n ń pè é, nítorí ṣíbí kì í kúrò nínú àpò aṣọ ìdáná rẹ̀. Ó ti pé oṣù mẹ́fà báyìí tó ti ń jókòó sórí àpótí ro ọbẹ̀. Bí orúnkún náà bá tún burú ju báyìí lọ, ilé ni yóò máa jókòó sí.

Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ fún un pé tíì aláwọ̀ ewé ń yọ́ ọ̀rá bí oòrùn ṣe ń yọ́ òrí. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í mu ife mẹ́ta lójúmọ́, kò sí ṣúgà, kò sí mílíìkì. Ó ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń mu omi tí wọ́n fi ṣan koríko. Ó pa oúnjẹ alẹ́ tì. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ní kó máa kọ gbogbo ohun tó bá jẹ sínú ìwé, ó sì ń kọ ọ́, títí kan ẹ̀pà mẹ́ta tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi sí i lẹ́nu. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó gun òṣùwọ̀n wọn. Ààbọ̀ kílò péré ló lọ.

Ọkọ rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì. Ogójì ọdún ló fi tún òṣùwọ̀n ṣe fún àwọn ọlọ́jà àti àwọn ilé-iṣẹ́, bí nǹkan kò bá sì bára mu, oorun kì í kùn ún. Ó gbé ìwé ìyàwó rẹ̀ sójú, ó gbé e sílẹ̀.

"Òṣùwọ̀n wọn ló ń purọ́," ó wí.

"Bàbáa wa, ẹ má lọ bá mi dá ìjà sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn o."

"Ta ni mo fẹ́ bá jà? Ẹ̀rọ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀."

Ó kó àwọn irin ìwọ̀n rẹ̀ sínú àpò, ó di ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ká apá lé àyà, ó ń wo bàbá àgbà tó ń to irin lé òṣùwọ̀n rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá, ṣé ó yege?"

"Ó yege." Ó ń kó ẹrù rẹ̀. "Ó dùn mí díẹ̀."

Tíì ló kù láti yẹ̀ wò. Òun náà mu ún fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ó ń wọn ara rẹ̀ láràárọ̀. Ó padà lọ jábọ̀ fún nọ́ọ̀sì pé ilé ìtọ̀ nìkan ni tíì náà mú òun lọ. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó fà á jókòó. Ó ní ara èèyàn ń jó oúnjẹ bí ààrò ṣe ń jó igi, tọ̀sán tòru, àní nígbà tí a bá sùn pàápàá. Kálórì ni orúkọ tí wọ́n fi ń ka igi náà. Tíì kàn ń fẹ́ iná náà díẹ̀ ni. "Bí ẹ bá ń fẹ́ iná, Bàbá, tí ẹnì kan sì ń ki igi sí i lẹ́yìn yín, ẹ ò ní rí ìyàtọ̀."

Gbólóhùn náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ta ló ń ki igi sí i?

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, ó ṣí ìwé náà síwájú ìyàwó rẹ̀.

"Aago mẹ́fà lo máa ń dé ibi iṣẹ́, aago méjì lo máa ń kúrò. Kí lo máa ń ṣe láàárín?"

"Mo máa ń se oúnjẹ ni. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?"

"Báwo lo ṣe ń mọ̀ pé iyọ̀ ti tó?"

Ìyá wò ó bí ẹni pé ó béèrè bí wọ́n ṣe ń mí. "Mo máa ń tọ́ ọ wò."

"Níbo lo kọ ọ́ sí?"

"Ìtọ́wò kì í ṣe oúnjẹ. Iṣẹ́ ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Alùfáà."

Òótọ́ ni. Ní ọdún tó kọ́kọ́ di alásè, ó fi omijé lọ bá alùfáà pé ààwẹ̀ òun ń bàjẹ́ lójoojúmọ́ nítorí ìkòkò. Ọkùnrin Ọlọ́run náà gbàdúrà sí i, ó sì dá a lóhùn pé ohun tó bá tọ́ wò nítorí ẹnu ẹlòmíràn kò ba ààwẹ̀ jẹ́, Olúwa ń wo ọkàn. Láti ọjọ́ náà, ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, kò ka ohun tó bá gba orí ṣíbí rẹ̀ wọlé mọ́ jíjẹ.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí tó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. "Alùfáà kò ṣì í. Ṣùgbọ́n ti ààwẹ̀ lo bi í, o kò bi í ní ti ìbàdí."

"Ẹ fi ọ̀rọ̀ alùfáà sílẹ̀."

"Mo ti fi í sílẹ̀. Gba abọ́ yìí. Gbogbo ìgbà tó o bá ti tọ́ nǹkan wò lónìí, bu irú rẹ̀ gan-an síbẹ̀."

Kí ọkọ rẹ̀ lè sinmi ẹnu ni ìyá ṣe gbà. Ní ilé ìdáná, igbákejì rẹ̀ rí i tó ń bu ọbẹ̀ ṣíbí kan, ẹ̀wà ṣíbí kan, ó yọ ṣùtì.

"Màmá, ta lẹ ń ṣa oúnjẹ jọ fún?"

"Fún ọkọ mi aláròyé."

"Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ fi ẹran sí i kí wọ́n má lọ bínú."

Ìkòkò mẹ́fà ló wà lórí iná. Iyọ̀, ó tọ́ ọ wò. Epo, ó tọ́ ọ wò. Wọ́n bu omi sí i, ó tún tọ́ ọ wò. Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá, abọ́ ti kún, ó wá ife mọ́ ọn. Ní aago méjì, ó jókòó sórí àpótí, ó gbé abọ́ lé itan, ó ń wò ó. Epo ti léfòó sórí rẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbé e fún un lórí àwo, yóò ní ó pọ̀ jù fún àgbàlagbà.

Wọ́n gbé e lọ fún nọ́ọ̀sì, ó fi ìwé ṣírò rẹ̀. "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kálórì, bí kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojoojúmọ́, Màmá."

Ìyá ti abọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Kí n wá pa oúnjẹ ọ̀sán náà tì?"

"Rárá o. Ẹ mú oúnjẹ alẹ́ padà. Ebi alẹ́ ló ń bá yín dé ìdí ìkòkò láàárọ̀. Ẹ máa jẹ ẹgbẹ̀jọ kálórì lójúmọ́, ẹ má lọ sísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì ka ìtọ́wò mọ́ ọn."

Igbákejì ní kó máa tu ohun tó bá tọ́ wò dànù. Ìyá ní òun kò lè tu oúnjẹ tí òun ti dúpẹ́ lé lórí. Orí ṣíbí tíì ló ń fi tọ́ nǹkan wò báyìí, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìkòkò kọ̀ọ̀kan, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìyókù ìtọ́wò di ti igbákejì. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò rọrùn. Ẹ̀wà tẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, òṣìṣẹ́ kan sì na ọrùn wọ ojú fèrèsé.

"Ìyá Oníṣíbí, ṣé a ṣẹ̀ yín ni?"

Ọwọ́ ìyá ti dé àpò tí ṣíbí wà. Ó fà á padà. "Ẹ ṣe sùúrù fún wa. Ẹlòmíràn ló ń kọ́ṣẹ́."

Igbákejì gbọ́, ojú tì í, àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀wà ti ń dùn.

Ní ọjọ́ tí oṣù mẹ́ta pé, ìyá bọ́ bàtà, ó gun òṣùwọ̀n. Bàbá dúró sẹ́nu ọ̀nà nítorí nọ́ọ̀sì ní kó má sún mọ́ ẹ̀rọ òun. Kílò márùn-ún kù díẹ̀ kó pé. Ìyá di ojú. Ó ń gbàdúrà, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì.

Dókítà ṣí ìwé rẹ̀, ó fi ìka tọ ìlà ìwọ̀n rẹ̀ láti òkè sí ìsàlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó dúró sójú kan, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ níbí?" ó béèrè.

"Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iṣẹ́ mi mọ́ oúnjẹ," ìyá wí.

Ọ̀rọ̀ náà kò yé dókítà, ṣùgbọ́n ìlà náà yé e. Ó ní ohun tó ku kò tó nǹkan, ó sì kọ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ: ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ìyá gba ìwé náà, ó kà á, ó sì nà án sí ọkọ rẹ̀.

"Ẹ bá mi kà á sókè," ó wí. "Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn."