Òrùka Méjì Lórí Ìbọn Herr Kessler

"Ta ló dè é? Mo ní ta ló dè é!"

Ohùn Herr Kessler ń jáde nínú tẹlifóònù débi pé Fàsásì, tó dúró nídìí tábìlì iṣẹ́, ń gbọ́ ọ ketekete. Láti Berlin ló ti ń pè. Meister Lüders tó ni ṣọ́ọ̀bù ìbọn gbé fóònù jìnnà sí etí, ó wo Fàsásì, ó tún gbójú kúrò.

"Ọta mẹ́wàá, ibi mẹ́wàá!" ni Kessler ń pariwo. "Ọ̀kan gba orí àmì kọjá, ó lọ lu pákó ààbò. Wọ́n lé mi kúrò lórí pápá níṣojú gbogbo ẹgbẹ́. Ọjọ́ Sátidé ni ìdíje! Ṣé ọwọ́ ọmọ Áfíríkà yẹn lẹ gbé ìbọn mi lé?"

Fàsásì ń retí kí bàbá náà sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, kó ní, "Èmi ni mo dè é." Meister Lüders wúkọ́. Ó ní, "Màá rán an sí yín lọ́la. Á wá tún un ṣe." Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Háà! Ọdún mẹ́rin ni Fàsásì ti ń bá bàbá yìí ṣiṣẹ́ ní Hamburg, láti ìgbà tó ti fi iṣẹ́ èbúté sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á fún yín. Ìbọn ìdíje ni Kessler ń yìn, láti ẹgbẹ̀ta mítà. Ojú lásán kò lè débẹ̀, awò ni wọ́n ń dè mọ́ ìbọn lórí, irin tí wọ́n sì fi ń dè é ni àwọn ará Jámánì ń pè ní Montage. Bí irin ọ̀hún bá fi ìwọ̀n irun orí kan ṣoṣo wọ́, kí ọta tó rin ẹgbẹ̀ta mítà, á ti yà bàrá. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí Kessler gbé ìbọn náà wá, Meister fa dúróọ̀ yọ, ó mú òrùka irin méjì tó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, irú èyí tó ti ń lò láti ogún ọdún. Fàsásì wò ó, ó rí i pé òrùka iwájú ga ju ti ẹ̀yìn lọ. Wọ́n máa tẹ ọrùn awò náà ni. Bẹ́ẹ̀ irin gbọọrọ kan wà nínú dúróọ̀ kan náà, alódidi ni, ẹ̀yìn rẹ̀ sì fi díẹ̀ ga ju iwájú. Wọ́n dìídì ṣe é fún ẹni tó ń yìnbọn sí ọ̀nà jínjìn ni.

Ṣé Fàsásì wá sọ̀rọ̀? Kò sọ̀rọ̀ o. Ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n fi kóbókò tọ́ ní ilé kéú, á ṣe já àgbàlagbà ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin nírọ́ níwájú oníbàárà? Ẹ má rí i! Ohun tó ṣe ni pé ó mú irin gbọọrọ náà, ó rọra gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ Meister, ó ní, "Meister, èyí náà wà níbí o." Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Meister ní ó ṣeun, ó sì fi ìgúnpá sún irin náà sẹ́yìn kó má bàa dí òun lọ́wọ́. Fàsásì ní bí oníbàárà bá jáde òun á là á yé e. Àmọ́ kí ó tó fọ ọwọ́ rẹ̀ tán, Kessler ti gbé ìbọn sínú ọkọ̀, ó ti forí lé Berlin.

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè wá nìyí, ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀.

"Òrùka yẹn náà ni kí o tún dè," ni Meister wí, kò wo ojú rẹ̀. "Kí o fún síkúrù rẹ̀ dáadáa. Síkúrù ló tú."

"Meister, mo rò pé..."

"Síkúrù ló tú, Fasasi." Bàbá náà fi ìka kan ìwé kan lórí tábìlì rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ Fàsásì ni, èyí tó gbọ́dọ̀ mú lọ sí Ausländerbehörde, ọ́fíìsì àwọn àjèjì, lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀, kí wọ́n tó lè fún òun àtìyàwó àtọmọ ní ọdún méjì sí i ní Jámánì. Ó ku kí ọ̀gá fọwọ́ sí i. "Bí o bá ti Berlin dé, a ó rí sí èyí."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Múríkátù ń di búrẹ́dì àti ẹja díndín fún ọkọ rẹ̀ nínú ilé wọn ní Steilshoop, lórí àjà kẹjọ. Fàsásì ti ro ẹjọ́ tán fún un, inú sì ń bí obìnrin náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Hàfúsátù, ta ló kọ́kọ́ dákẹ́? Ṣebí ẹ̀yin ni. Òun náà ti wá dákẹ́ fún yín."

"Àgbà ni, Múríkátù."

"Mo gbọ́ pé àgbà ni. Bí àgbà bá ń rìn lọ sínú kòtò, ẹ̀yin á kí i pé ẹ kú ìrìn, àbí? Ṣé ọ̀wọ̀ nìyẹn, àbí ẹ̀rù?"

"Ìwé wa wà lórí tábìlì rẹ̀!"

Múríkátù so lailọ́ọ̀nù oúnjẹ náà, ó tún tú u, ó tún so ó. "Èmi náà ń bẹ̀rù," ló wí níkẹyìn. "Mi ò mọ èyí tí ǹ bá ní kí ẹ ṣe. Àmọ́ bí ọta bá ba èèyàn lọ́jọ́ Sátidé, ta ni wọ́n máa wá mú?"

Hàfúsátù, ọmọ ọdún méje, gbórí sókè nídìí tíì rẹ̀. "Papa, wann kommst du wieder?"

"Nírọ̀lẹ́ ni màá padà dé, Inṣá Allah," ni bàbá rẹ̀ dá a lóhùn. Ó gbé báàgì kọ́pá, ó jáde. Òrùka méjì irú kan náà, tí Meister ní kó mú dání, wà nínú báàgì náà, irin gbọọrọ sì wà lábẹ́ wọn. Meister kò mọ̀ pé ó mú un.

Nígbà tó dé Berlin, ó wọ U-Bahn, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, lọ sí Hellersdorf. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta tó fárí kodoro, irú àwọn tó máa ń lu àjèjì, wọlé ní ibùdókọ̀ kan, wọ́n dúró síwájú rẹ̀. Fàsásì gbé báàgì lé itan, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀, ó ń ka suura nínú ọkàn rẹ̀, títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀. Kessler fi ọkọ̀ wá gbé e ní ibùdókọ̀. Kò kí i. Wọ́n dé pápá ìyìnbọn lẹ́yìn ìlú, tí àwọn ṣójà ń lò tẹ́lẹ̀, Kessler sì gbé ìbọn lé orí tábìlì gbì.

Fàsásì fọwọ́ kan síkúrù kọ̀ọ̀kan. Wọ́n le gbagidi. Ìkankan kò tú. Ó tú wọn fúnra rẹ̀, ó gbé awò kúrò, ó wá fi ọ̀pá irin tó tọ́ lélẹ̀ láàárín òrùka méjèèjì. Ọ̀pá náà jókòó dáadáa níwájú, ó sì léfòó lẹ́yìn.

Kessler ti mú tiẹ̀ wá. Ó yọ Montage kan tó ń dán gbinrin jáde, irú èyí tí wọ́n lè fi ìka kan yí, kí awò bọ́ kúrò lórí ìbọn. "Fi èyí sí i. Mo rà á lánàá."

"Ọdẹ nirú èyí wúlò fún, sà," ni Fàsásì wí. "Ẹni tó fẹ́ máa yọ awò kúrò kó tún máa dá a padà nínú igbó. Ẹ̀yin ò fẹ́ kó yọ. Ẹ̀yin ń fẹ́ kó dúró."

"Kí wá ni Meister rẹ ní kí o ṣe?"

Fàsásì wo báàgì rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ lo tẹlifóònù."

Fàsásì wọnú ọ́fíìsì pápá náà, ó ti ilẹ̀kùn, Kessler dúró síta, ó káwọ́ gbera. Meister fúnra rẹ̀ ló gbé fóònù ní Hamburg.

"Meister, Fàsásì ni. Síkúrù kò tú. Òrùka iwájú ló ga ju ti ẹ̀yìn."

"Mo ti sọ ohun tí o máa ṣe fún ọ."

"Ẹ má bínú, Meister, mi ò ní í ṣe é. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo ti rí i. Mo rí i, mo dákẹ́, ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Mi ò ní í tún dákẹ́."

"O mọ̀ pé ìwé rẹ ṣì wà níwájú mi?"

"Mo mọ̀."

Fàsásì gbọ́ tí bàbá náà fa dúróọ̀ kan.

"O rí i lọ́jọ́ Mọ́ńdè," ni Meister wí. "Pẹ̀lú ojú lásán?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Meister."

"Èmi ò rí i. Mo tún yọ àwọn tó kù jáde láàárọ̀ yìí, mo gbé wọn lọ sójú fèrèsé. Bákan náà ni gbogbo wọn rí lójú mi. Láti ìgbà òtútù ni. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyàwó mi."

Àṣé ojú ló ń ṣe bàbá náà. Ó ti ń bẹ̀rù kí ẹ̀rù tó ba Fàsásì.

"Fún Kessler ní fóònù," ni Meister wí. "Màá sọ fún un. Àmọ́ kí o mọ̀ kó o tó fún un: bí ẹgbẹ́ wọn bá gbọ́, kò sẹ́ni tó máa gbé ìbọn wá mọ́. Ṣọ́ọ̀bù á tì. Bí mo tiẹ̀ fọwọ́ sí ìwé rẹ, kò ní í wúlò."

Fàsásì lè ní laìnì ti já. Ó lè lọ de irin gbọọrọ náà wọ́ọ́rọ́wọ́, kí Kessler yìnbọn rẹ̀ láyọ̀, kí ẹnikẹ́ni má mọ nǹkan kan. Ojú Múríkátù wá sí i lọ́kàn. Ó tún rántí ìbọn méje tó wà nínú àpótí ní ṣọ́ọ̀bù, tí àwọn tó ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé ṣáájú Sátidé. Meister ló de awò gbogbo wọn láti ìgbà òtútù.

Ó ṣílẹ̀kùn. "Herr Kessler," ló wí, "ẹ wá. Ọ̀gá mi fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀."

Ó na fóònù sí i. Kò dúró gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó padà sídìí ìbọn, ó yọ òrùka méjèèjì sọ́tọ̀, ó sì gbé irin gbọọrọ náà lé e lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi síkúrù àkọ́kọ́ sí i.