Ọ́fíìsì Tí Wọ́n So Mọ́ Ìtàkùn Ẹ̀gúsí

"Ẹgbàáwàá efinrin ni mo gbìn láàárọ̀ yìí. Ọwọ́ òsì ni mo fi gbìn ín, torí iṣu wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi."

Báyìí ni Láṣebìkan ṣe kí àwọn tó wá bá a lábẹ́ igi kajú rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ìyá Súbúọlá ti jókòó sórí gbòǹgbò igi, Ògúndélé fẹ̀yìn ti ebè.

Ọ̀rọ̀ efinrin yìí kì í ṣe kékeré. Ọdún kejì rèé tí ẹ̀gúsí Ìyá Súbúọlá ń yọ òdòdó tí kì í so, nítorí gbogbo abúlé ti ro oko mọ́ débi pé oyin ò rí ibi bà sí mọ́. Ni wọ́n bá fẹnu kò pé kí kálukú fi ìgbésẹ̀ mẹ́rin sílẹ̀ létí oko fún oyin àti labalábá, kí wọ́n má fín oògùn síbẹ̀, kí wọ́n sì gbin efinrin sí i. Ìyá Súbúọlá fúnra rẹ̀ ló gbé agbọ̀n efinrin kan fún Láṣebìkan láàárọ̀. Òdòdó ẹ̀gúsí tọdún yìí ti yọ. Bí oyin ò bá dé lọ́sẹ̀ yìí, ó tún di àmọ́dún.

"Mo lá àlá kan lọ́sàn-án òní," ni Láṣebìkan wí. "Oyin kan ló kan ilẹ̀kùn imú mi. Ó wọ gíláàsì. Ó ní, 'Bọ̀ọ̀dá, ẹ káàsán. Ilé wa tó wà níbí ńkọ́?' Ọkọ́ mi yára dáhùn, ó ní, 'Ẹ má wò mí o, wọ́n ní kí n ro ó ni mo ro ó.' Mo ní kí ọkọ́ dákẹ́, àgbà ló ń sọ̀rọ̀. Oyin ní ká lọ sí ọ́fíìsì ilẹ̀."

"Níbo nìyẹn wà?" Ògúndélé bèèrè.

"Lókè. Ó ń léfòó. Ìtàkùn ẹ̀gúsí ni wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. A gùn ún. Labalábá wà níwájú mi lórí ìlà, ó ru àpótí. Yímíyímí wà lẹ́yìn mi, ó ń yí ìgbẹ́ rẹ̀ bọ̀, ó ní àga òun nìyẹn. Ọ̀gá ọ́fíìsì náà bi oyin pé, 'Ilẹ̀ wo lẹ fẹ́?' 'Ìgbésẹ̀ mẹ́rin péré, sà.' Ọ̀gá gba fọ́ọ̀mù. Irùngbọ̀n rẹ̀ bá gùn, ìwo yọ lábẹ́ fìlà, ó di òbúkọ, ó sì jẹ fọ́ọ̀mù. Mo ní, 'Ẹ rọra, sà, yíǹkì wà lára ẹ̀.'"

"O ò sá?"

"Kí ni mo fẹ́ sá fún? Ṣebí ọ́fíìsì ni. Àwọn oyin bú sẹ́kún. Omijé wọn dùn, mo tọ́ ọ wò. Ó kún ọ́fíìsì, ó ya wálẹ̀ sínú oko, ni gbogbo ebè bá dìde. Wọ́n ní, 'Ẹ sún díẹ̀, àlejò dé,' òdòdó sì jókòó sáàárín wọn. Ìyá mi, ẹ̀gúsí yín so! Ẹyọ kan tóbi débi pé tíṣà ń kọ́ kíláàsì mẹ́ta nínú rẹ̀, àyè ṣì kù fún bọ́ọ̀lù."

Ìyá Súbúọlá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Òbúkọ ké sí mi létí, mo sì jí."

"Láṣebìkan. Ọ̀sán òní lo lá a?"

"Ọ̀sán òní ni, Ìyá mi. Láti àárọ̀ tí mo ti fẹ̀yìn lélẹ̀..." Ó yára fọwọ́ bo ẹnu.

"Ta ló wá gbin efinrin?"

Òbúkọ Ògúndélé yọ lẹ́yìn igi kajú. Agbọ̀n òfìfo wà lọ́rùn rẹ̀, ewé efinrin kan ń mì létè rẹ̀ bó ti ń jẹnu wọ́mú wọ́mú.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá," ni Ògúndélé kí i.

Kí Ìyá Súbúọlá tó rí igi fà yọ, Láṣebìkan ti kó bàtà sọ́wọ́, ó ti ré kọjá. Etí oko rẹ̀ ló gbà, níbi tí kò ti ro fún oṣù méjì nítorí ọ̀lẹ. Koríko yunyun ti ga dé ìbàdí rẹ̀ níbẹ̀, òdòdó rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Bó ti já wọ inú rẹ̀, oyin gbéra hùùù, wọ́n gba orí Ìyá Súbúọlá kọjá, wọ́n sì ń bà sórí òdòdó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Igi bọ́ lọ́wọ́ ìyá náà. "Padà wá, ọ̀lẹ," ó ń pè é, "wá jẹ iṣu!"

Láṣebìkan ò dúró. Láti òkèèrè ni wọ́n ti gbóhùn rẹ̀.

"Yunyun yẹn, èmi ni mo gbìn ín o! Ọwọ́ òsì ni!"